Ram inú fíìmù "96": ṣé ìfẹ́ ló ń ṣe é ni àbí ojo lásán?

Àdùnní_Òṣogbo
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Fíìmù kan ni mo wò lálẹ́ àná tínú ń bí mi títí di báyìí. Fíìmù Íńdíà ni, àmọ́ kì í ṣe ti Híńdì bíi ti Zee World yẹn, ti àwọn Tamil ni, àwọn ará gúúsù lọ́hùn-ún. "96" lorúkọ ẹ̀, 2018 ló jáde. Fún ẹni tí ò tíì wò ó: ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ram, òun àti Janu jọ wà ní kíláàsì kan náà nílùú Thanjavur, Janu mọ orin kọ gan-an, Ram fẹ́ràn ẹ̀ débi pé tí ọmọ náà bá sún mọ́ ọn báyìí ojora á mú un, kò sì lè la ẹnu. Ọmọbìnrin yẹn ti mọ̀ o, òun náà fẹ́ràn ẹ̀, ó kàn ń dúró kí bọ̀dá sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ní ó dìgbà tí họ́lídé bá parí, gbèsè bàbá Ram bá lé gbogbo ìdílé wọn kúrò nílùú lóru, wọ́n sá lọ sí Chennai. Ó lé lógún ọdún kí wọ́n tó tún fojú kanra, nígbà tí sẹ́tì wọn ṣe ìpàdé. Janu ti lọ́kọ ó ti bímọ, Singapore ló ń gbé, Ram ò níyàwó, fọ́tò ló ń yà kiri. Òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi rìn kiri ìlú tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ mọ́, ó sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú, ó tán. Wọn ò tiẹ̀ fẹnu kora!
Mo wá ń bi yín o. Ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ èèyàn láti kíláàsì tẹ́ǹ, tó tún wá sí ibi ìgbéyàwó ọmọ náà tó fara pamọ́ sáàárín èrò tí ò sọ nǹkan kan, ṣé ìfẹ́ nìyẹn àbí ojo? Àwọn tó ń pè é ní ìfẹ́ tòótọ́ ló ń bí mi nínú jù.

Akin_Agége
Ah ah, sista, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwa tí a ò tíì wò ó ńkọ́? 😂

Àdùnní_Òṣogbo
Má bínú jàre Akin. Lọ wò ó, mímọ̀ tó o mọ òpin ẹ̀ ò ní kó o má sunkún.

Mayọ̀wá_D
Èmi ò rí ojo kankan níbẹ̀ o. Ọmọ kíláàsì tẹ́ǹ ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó lọ tọrọ ìyàwó? Lóru ni wọ́n kó o kúrò nílùú. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ọmọdé kankan láyé ìgbà yẹn. Ẹ máa ṣàánú èèyàn.

Àdùnní_Òṣogbo
Mo gba ti kíláàsì tẹ́ǹ fún un. Ti ìgbéyàwó yẹn ni mi ò lè gbà. Ó wà níbẹ̀! Janu fúnra ẹ̀ sọ pé òun ń wojú èrò bóyá Ram á yọ, kí wọ́n tó so okùn ìgbéyàwó yẹn mọ́ òun lọ́rùn. Bọ̀dá wà níbẹ̀ ó ń mí hẹlẹ, kó tó di pé wọ́n so ó ó ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ nínú fíìmù yìí tara Janu náà ló bá a dákẹ́, òun ò sì dákẹ́ níbì kankan.

Kámórù_Kámẹ́rà
Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i díẹ̀, èmi fẹ́ràn fíìmù àwọn ará Chennai gan-an, Kollywood ni wọ́n ń pè wọ́n torí Kodambakkam, àdúgbò tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù pọ̀ sí níbẹ̀. C. Prem Kumar ló kọ "96" tó sì darí ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa darí fíìmù nìyẹn, kámẹ́rà ló ń yà fáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Ram fi jẹ́ onífọ́tò, ẹni tó máa ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn lẹ́ǹsì tí ò ní bọ́ síwájú.
Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé Prem Kumar yẹn gan-an ti di ìtàn fíìmù rí! Ó kù díẹ̀ kó gbéyàwó, ó lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ó fi orí gbá, iyè ẹ̀ ra, kò rántí ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ mọ́. Wọ́n fi ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ní 2012, "Naduvula Konjam Pakkatha Kaanom", àwọn ọ̀rẹ́ ń wá gbogbo ọ̀nà láti bò ó mọ́lẹ̀ kí ìgbéyàwó má bàa túká, ọkọ ìyàwó rí ìyàwó ẹ̀ lójú agbo ó ní ta lèyí, ó dà bí iwin. Ta ló ṣe ọkọ ìyàwó yẹn? Vijay Sethupathi, òun náà ló padà wá ṣe Ram. Prem Kumar fúnra ẹ̀ ló sì ya kámẹ́rà fíìmù yẹn, ó dúró ó ń ya ìtìjú ara ẹ̀.
Ẹni tí iyè ẹ̀ ra tó gbàgbé ìyàwó ẹ̀ ló wá jókòó kọ ìtàn ọkùnrin tí ò lè gbàgbé ọmọbìnrin kan láéláé. Èmi ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ fi kún un.

Akin_Agége
Ẹ̀gbọ́n Kámórù, irọ́ lẹ ń pa!!! Ó gbàgbé ìyàwó ẹ̀ kẹ̀?

Kámórù_Kámẹ́rà
Òótọ́ ni o àbúrò mi. Wọ́n padà ṣe ìgbéyàwó náà.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Níbi iṣẹ́ wa níhìn-ín, obìnrin Tamil kan wà, ará Jaffna ní Sri Lanka ni, òun ló fojú mi mọ àwọn fíìmù yìí. Mo sọ̀rọ̀ Ram fún un, ó ní Ram wo, ẹ̀yin ò tíì rí onítìjú rí, ẹ lọ wo "Idhayam". 1991 lèyẹn jáde, Kathir ló darí ẹ̀, Ilaiyaraaja ló ṣe orin inú ẹ̀. Murali ló ṣe Raja, ọmọ oko tó wá kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Chennai, ó rí Geetha, ìyẹn Heera, ó bá di odi. Gbogbo fíìmù yẹn pátá, ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń múra àtisọ̀rọ̀, tó bá ti kù díẹ̀ kó sọ ọ́ nǹkan á dí i lọ́wọ́ tàbí kẹ̀ ahọ́n ẹ̀ á kọ̀. Ìgbà tí Geetha wá fúnra ẹ̀ gbà pé òun náà fẹ́ràn ẹ̀, àìsàn ọkàn ti dé, wọ́n ní ayọ̀ tó bá pọ̀ jù lè pa á, ìbànújẹ́ tó bá pọ̀ jù náà lè pa á. Ẹ wá sọ fún mi, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Kí ni ìyá ọmọ máa sọ?
Obìnrin yẹn ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, ọmọkùnrin tí ò bá lè kọnu sí obìnrin, Murali ni wọ́n ń pè é. Ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú fíìmù títí àwọn èèyàn fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní gbàwé ẹ̀rí láéláé. Ní 2010 ọmọ ẹ̀ Atharvaa bẹ̀rẹ̀ fíìmù, "Baana Kaathadi", Murali yọjú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní Raja lòun, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn yẹn náà! Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ló kú. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́.

Mayọ̀wá_D
Ẹ kú àìgbàgbé wa màmá ìbejì. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti fi ẹkún kún ibí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, tó fẹ́ rí onítìjú tó rí ìdààmú tó sì ń pani lẹ́rìn-ín, kó lọ wo "Pyaar Prema Kaadhal". 2018 náà ni, oṣù kẹjọ, "96" jáde ní oṣù kẹwàá. Elan ló darí ẹ̀, Harish Kalyan àti Raiza Wilson, àwọn méjèèjì jọ jáde nínú Bigg Boss ti Tamil, bíi Big Brother tiwa, ní 2017. Shree jẹ́ ọmọ ilé tó gbọ́ràn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ lọ́fíìsì ni kó máa yọjú lójú fèrèsé wo ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tó dojú kọ tiwọn. Inú ẹ̀ ń dùn, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ kan ló wá rí i pé ọmọbìnrin yẹn ti gba iṣẹ́ sí ọ́fíìsì tiwọn, tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an ni wọ́n fún un 😂😂 Gbogbo òógùn ara ẹ̀ jáde.
Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé obìnrin ló ń sọ ohun tó fẹ́ fàlàlà. Ó ní òun ò ṣe ìgbéyàwó, kí àwọn méjèèjì máa gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀. Shree gbà, kò lè kọ̀, ó wá ń gbé pẹ̀lú obìnrin lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ẹ̀rù ìyá ẹ̀ ń bà á ju ti ọlọ́pàá lọ.

Àdùnní_Òṣogbo
Ìyẹn náà ojo! Ẹ ti wá rí i? Onítìjú ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Onítìjú_Abẹ́òkúta
Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí púpọ̀, kíkà ni mo máa ń kà lọ. Àmọ́ àǹtí Àdùnní ẹ ti lù mí lónìí. Èmi ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu yín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ rò pé àwa jókòó a ṣírò ẹ̀ a wá pinnu pé a ò ní sọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí Janu ti rìn wá bá Ram níbi ìpàdé sẹ́tì yẹn, èèyàn ti dàgbà o, irùngbọ̀n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, ó dákú. Gbogbo èèyàn tí mo bá wò ó ló rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú àyà yẹn. Nílé ìwé náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe nígbà tí ọmọ yẹn gbọ́wọ́ lé e láyà. Ara ẹ̀ ò yí padà látìgbà náà.
Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ fò. Ram gbìyànjú! Ó tọ Janu lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀ kí wọ́n tó fi í fọ́kọ rárá. Ó dúró níta, ó rán ọmọbìnrin kan wọlé lọ pè é. Ọmọbìnrin yẹn padà wá ó ní Janu ní òun ò fẹ́ rí i, kó yéé dààmú òun. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Èmi tí mo jẹ́ onítìjú, tí wọ́n bá sọ ìyẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní rí mi ládùúgbò yẹn mọ́ láyé.

Fẹ́mi_Lekan
Ọ̀rọ̀ wà níbi tí bọ̀dá Abẹ́òkúta sọ yẹn o. Kí ló dé tí Janu fi lé e? Torí ọkùnrin mìíràn kan ń bẹ níbẹ̀ tó ti ń dà á láàmú lójoojúmọ́ pé òun fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ọkùnrin kan ń dúró dè ẹ́ níta, ó rò pé aláìnítìjú yẹn ló tún dé. Ìgbà tí Ram sọ fún un lóru yẹn pé èmi mà ni, ẹ rí bó ṣe ké?
Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Tamil aláìnítìjú yẹn ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí fíìmù. Obìnrin á ní òun ò fẹ́, á tẹ̀lé e dé ilé, á tẹ̀lé e dé ibi iṣẹ́, á máa jó yí i po lójú títì, kí fíìmù tó dé ìdajì obìnrin á ti gbà. Ní oṣù kẹfà 2016 wọ́n ṣá ọmọbìnrin kan pa ní ibùdókọ̀ rélùwéè Nungambakkam nínú Chennai láàárọ̀ ojúmọmọ, ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn onífíìmù pé irú ẹ̀kọ́ wo lẹ ń fi títọ obìnrin lẹ́yìn kiri yìí kọ́ àwọn ọmọ wa. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ni "Remo" jáde, Sivakarthikeyan múra bíi nọ́ọ̀sì obìnrin kó lè sún mọ́ ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ fún ẹlòmíì, wọ́n sì bú u dáadáa torí ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èrò wò ó.
Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni Ram yọ, ọkùnrin tí wọ́n sọ fún lẹ́ẹ̀kan pé má wá mọ́, tí ò wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá pe ìyẹn lójo èmi ò bá yín jà, àmọ́ ariwo àwọn aláìnítìjú ni ò jẹ́ kí Janu gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Àdùnní_Òṣogbo
Hmmm. Fẹ́mi, o sọ̀rọ̀. Ti ọmọkùnrin tó ń dà á láàmú yẹn, mo wò ó mi ò rò ó débẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀: kí ló dé tí ò wọlé lọ fúnra ẹ̀? Ó rán èèyàn! Ìfẹ́ tó o ti ń gbé kiri láti kíláàsì tẹ́ǹ lo rán ọmọ ọlọ́mọ.

Onítìjú_Abẹ́òkúta
Ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin nìyẹn o àǹtí. Èmi ò lè gba géètì yẹn kọjá, ẹ máà tàn mí.

Bàbá_Àgbà_Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé ìyàwó ilé tó ní ọmọ nílé ló ń bá ọkùnrin rìn láti alẹ́ dàárọ̀? Ó tún tẹ̀ lé e délé! Ọkọ ẹ̀ wà ní Singapore ó ń tọ́jú ọmọ. Ẹ ń jiyàn lórí ìtìjú ọkùnrin, ta ló ń bi obìnrin?

Sísì_Yábàá
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, òjò ló pa wọ́n, aṣọ ẹ̀ tutù, ó yá aṣọ Ram wọ̀, wọ́n se oúnjẹ, wọ́n sọ̀rọ̀. Kò sí nǹkan tí wọ́n ṣe tí ẹ ò lè ṣe lójú ọmọ yín. Murali àti Subha, àwọn ọ̀rẹ́ wọn nínú fíìmù náà (kì í ṣe Murali òṣèré "Idhayam" yẹn o), náà rò bíi tiyín, ara wọn ò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Murali fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù Ram, ẹni tí ò lè wojú obìnrin.

Bàbá_Àgbà_Ìjẹ̀bú
Èmi ò sọ pé wọ́n ṣe nǹkan. Mo ní ta ló bi í.

Sísì_Yábàá
Bàbá ẹ ò ní pa mí 😂 Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ tí Ram ń kọ́ níṣẹ́ fọ́tò pàdé wọn lóru, wọ́n rò pé Janu ni ìyàwó ẹ̀, wọ́n ní kó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ra fún wọn. Janu ò jiyàn. Ó jókòó ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, ó yí ti ọjọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn padà, nínú tiẹ̀ òun rí Ram lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ń pariwo inú wọn ń dùn, Ram jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kò lè gbórí sókè. Obìnrin yẹn parọ́ fún àwọn ọmọ náà, ojú Ram ló ń sọ ọ́ fún. Trisha, òṣèré tó ṣe Janu, ṣe é débi pé mo dá fíìmù dúró, mo lọ mu omi.

Kámórù_Kámẹ́rà
Ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ níbẹ̀ yẹn, ohùn Chinmayi ni, òun ló ń bá Trisha sọ̀rọ̀ tó tún bá a kọrin. Nípa orin: láti ilé ìwé ni Ram ti ń bẹ Janu kó kọ "Yamunai Aatrile", orin inú "Thalapathi" ti Mani Ratnam ní 1991, Janu ò kọ ọ́, gbogbo orin tí S. Janaki kọ ló ń kọ, torí orúkọ olórin yẹn ni wọ́n sọ ọ́. Àfi lóru yẹn nílé Ram, iná bá lọ...

Akin_Agége
Àwọn náà ní NEPA tiwọn!

Kámórù_Kámẹ́rà
Wọ́n ní in o 😂 Iná lọ, nínú òkùnkùn Janu bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láìlo ìlù kankan, Ram ń sáré wá ìmọ́lẹ̀ kiri inú ilé bí ẹni tí wọ́n lé, kó lè rí ojú ẹni tó ń kọrin. Ó ti dúró de orin yẹn ju ogún ọdún lọ, ọjọ́ tó gbọ́ ọ lòkùnkùn ṣú. Govind Vasantha ló ṣe àwọn orin tuntun inú ẹ̀ o, violin ẹ̀ ló ń dun etí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ilaiyaraaja tó ni àwọn orin àtijọ́ yẹn sọ̀rọ̀ gbígbóná ní 2019, ó ní kí ló dé tí wọ́n ń fi orin òun gbé fíìmù tuntun, kí wọ́n ṣe orin tiwọn. Èmi rò pé bàbá ò fi ibi tí wọ́n lò ó sí rò ó. Orin tí àwọn ọmọ ìgbà yẹn ń gbọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i.

ÌyáÌbejì_Leeds
Wọ́n ti tún un ṣe ní èdè Kannada, "99", ní 2019, àti ní èdè Telugu, "Jaanu", ní 2020, Sharwanand àti Samantha, Prem Kumar náà ló darí ti Telugu yẹn. Mo wo "Jaanu", ó dáa, ṣùgbọ́n ara mi ò gbọ̀n bíi ti àkọ́kọ́. Sethupathi yẹn, bó ṣe tóbi tó, ó mọ bó ṣe ń sọ ara ẹ̀ di kékeré lójú kámẹ́rà. Ìyẹn ò ṣeé kọ́.

Mayọ̀wá_D
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo "Meiyazhagan" ńkọ́? Prem Kumar náà ni, 2024, Karthi àti Arvind Swamy, Thanjavur náà, òru náà. Ọkùnrin méjì ni lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan ò rántí orúkọ ìkejì ẹ̀, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ó jọ pé bàbá yìí ò lè kọ ìtàn kankan láìsí ìtìjú níbẹ̀.

Akin_Agége
Mo ti wò ó tán o!!! Mo wo "96" lálẹ́ àná, n ò sùn. Àǹtí Àdùnní, mo wà lẹ́yìn yín, ojo ni, àmọ́ mo sunkún. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi: lẹ́yìn tí Janu ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, Ram dé ilé ó ká aṣọ tí obìnrin yẹn bọ́ sílẹ̀ nítorí òjò, ó kó o sínú àpótí tó ń kó ẹrù ìrántí sí. Aṣọ ìyàwó oníyàwó! Tí ọkọ ẹ̀ bá wá béèrè aṣọ yẹn ní Singapore ńkọ́?

Sísì_Yábàá
Á ní òun gbàgbé ẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹjọ́ tán.

Bàbá_Àgbà_Ìjẹ̀bú
Ẹ rí i? Ẹ rí ohun tí mo ń sọ?